Nokia lọ, Glo lọ: ṣé ọmọ Kétu tó kọ́ kọ̀ǹpútà ti fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣòfò ni?

Ìbéèrè láti Kétu:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà. Ní 2021, àwa 17 kó ara wa jọ, a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, à ń pàdé ní gbogbo Sátidé láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ kan láti òkè òkun ló ń san owó yàrá, òun ló gbé kọ̀ǹpútà mẹ́fà wá, òun ló ń ra íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún fún wa ní ṣẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wà láyà. Lọ́dún tó kọjá wọ́n kọ̀wé sí wa pé àwọn ti yí ètò àwọn padà. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà márùn-ún lọ, ẹ̀kẹfà tí kò tàn mọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀. Onílé gba yàrá rẹ̀. A ku mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ti ní máṣíìnì méjì, ó ti ń múra ìyàwó. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà ló kù láyé. Nokia dà? BlackBerry dà? Yahoo dà? Glo ti Bẹ̀nẹ̀ dà? Ṣé ẹ ò tàn wá jẹ báyìí? Kí n lọ kọ́ télọ̀ ni, àbí kí n kọjá sí Èkó?

* * *

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó dáhùn, torí inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo wà, lẹ́bàá ọjà Ouando. Fóònù ni mò ń tún ṣe láti 2003, ọmọ iṣẹ́ 11 ló ti gba òmìnira lọ́wọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá tàn yín, mo wà lára wọn, nítorí náà èmi náà ní láti jẹ́jọ́.

Jẹ́ kí n ti ibi Nokia bẹ̀rẹ̀, òun ló sọ mí di ènìyàn. Ọdún tí Nokia 1100 jáde gan-an ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Wọ́n tà á ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri ayé, ó sì dà bíi pé ìdajì rẹ̀ ló ń bàjẹ́ ní Àjàṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé èyí tí kò gba iná wá, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan irin ìjó sódà. Á ní kí a kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípírítì fọ ẹnu ibi tí ṣájà ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ká fi míta tọ ipa iná láti ẹnu yẹn, ojú kan lẹ́yìn èkejì, títí dé ibi tí bátìrì jókòó sí, ká wá sọ fún un ibi tí iná ti já. Ẹni tó bá sọ ọ́ ṣì, á tún un tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó gbé irin lé mi lọ́wọ́.

Ní 2014 iṣẹ́ fóònù Nokia bọ́ sọ́wọ́ Microsoft. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Microsoft kéde àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là lórí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní iṣẹ́ wa ti parí. Lónìí Tecno àti Itel ló kún orí tábìlì mi, ihò Type-C ni mò ń pààrọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé mo ní láti fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Mo ṣì ń tọ ipa iná láti ẹnu dé bátìrì bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi.

Nokia fúnra rẹ̀ kò sì kú. Ilé iṣẹ́ tó ń fi igi ṣe ìwé ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Fínlándì ní 1865. Wọ́n ti ṣe bàtà rọ́bà rí, wọ́n ti ṣe wáyà, kí wọ́n tó dé orí fóònù. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tí àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé kọ́ sórí òpó ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n sì ra Alcatel-Lucent kún un ní 2016. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá lójijì ni àwọn tó kọ́ kìkì bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù Nokia. Mo mọ̀ wọ́n, a jọ jókòó sí ìlà kan náà ni.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé ẹ̀rí Nokia nìkan kò tó, pé BlackBerry ńkọ́. Òótọ́ ni, ti BlackBerry le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2022 ni ilé iṣẹ́ náà, tó wà ní Kánádà, dáwọ́ dúró lórí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́. Yahoo kọ owó tó lé ní bílíọ̀nù 44 dọ́là tí Microsoft fi lọ̀ ọ́ ní 2008. Ní 2017, bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n tà á fún Verizon. Ní 2018 wọ́n ti Yahoo Messenger pa, èyí tí gbogbo wa ń jókòó sí nínú cyber ní alẹ́ nígbà tí wákàtí kan ṣì jẹ́ 300 fáráńkì. N ò ní jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Kodak. Ọwọ́ oníṣẹ́ Kodak fúnra rẹ̀ ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ti kọ́kọ́ jáde ní 1975, síbẹ̀ fíìmù ni wọ́n dì mú títí gbèsè fi gbé wọn ní oṣù Kìíní 2012. Àwọn ayàwòrán Àjàṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń fọ fíìmù nìkan ti ṣí kúrò. Àwọn tó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sójú ìyàwó tó dúdú dáadáa, láìjẹ́ kí gèlè rẹ̀ funfun jù, wọ́n wà níbẹ̀ títí di òní. Ìnáwó kì í kọjá láìpè wọ́n. Ohun tó yí padà lọ́wọ́ wọn ni kámẹ́rà.

* * *

Ọ̀rọ̀ Glo wá. Ẹ̀yin ọmọdé òní kò mọ iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti kọjá ní Bẹ̀nẹ̀. Libercom ti ìjọba ti wọlẹ̀. BBCom ti wọlẹ̀. Glo dé ní 2008, òun náà ti lọ. Telecel yí orúkọ padà di Moov. Areeba di MTN lẹ́yìn tí MTN ra ilé iṣẹ́ tó ni ín ní 2006. Celtiis tí ilé iṣẹ́ ìjọba gbé jáde ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2022 ni.

Èmi alára ti gbé ẹrù lórí èyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fún wa ní èrè tó pọ̀ bí a bá ra káàdì wọn ní pálí. Mo kó 60,000 fáráńkì lé e. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di pé òpó wọn ò dáhùn mọ́, káàdì kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìyàwó mi sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé pálí wo ló wà lábẹ́ ibùsùn. N kò rí ẹni tó dá owó náà padà fún mi. Láti ìgbà náà, ohun tí mo bá lè tà láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń rà, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ tó lágbára jù láyé ló ní in.

Nítorí náà, àbúrò, nígbà tó o ní ilé iṣẹ́ náà kó kọ̀ǹpútà lọ, mo mọ bó ṣe ń dun ni. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé onílé gba yàrá, ẹgbẹ́ sì tú ká. Yàrá lásán ni! Bí a bá lé àwọn aláṣọ kúrò nínú yàrá, abẹ́ igi ni wọ́n máa gbé máṣíìnì sí.

* * *

Ìyá wa kan tó ń ránṣọ ní Pobè ti bá wa dá sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Mà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ọmọ náà má rò pé iṣẹ́ télọ̀ rọrùn. Wọ́n ní aṣọ òkèrè tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀ ti gba oníbàárà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn, pé ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira pẹ̀lú àwọn, mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni kò ránṣọ mọ́. Wọ́n wá fi kún un pé máṣíìnì Singer tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ni àwọn ṣì ń lò.

Mà, ẹ ti bá mi dáhùn ìbéèrè yìí láìmọ̀. Ní 1999, Singer kéde nílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Orúkọ ìlú mọ̀ọ́ká bẹ́ẹ̀! Mo bi yín: lọ́dún yẹn, ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ̀rọ yín dúró? Ṣé ẹnikẹ́ni ní Pobè sọ pé iṣẹ́ aṣọ ti kú nítorí pé Singer wọ gbèsè? Ẹ kò gbọ́ nítorí pé máṣíìnì náà jẹ́ tiyín, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fún un ní epo, oníṣẹ́ ọwọ́ kan sì wà ládùúgbò tó lè rọ irin tó bá kán. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Kétu yìí ní nìyẹn, ì báà jẹ́ máṣíìnì tàbí kọ̀ǹpútà ló wà níwájú rẹ̀.

* * *

Àwọn tó ní kó lọ Èkó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fèsì. N kò ní sọ pé irọ́ ni Èkó. Ọmọ Nàìjíríà ló dá Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ níbẹ̀, Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà á ní 2020. Ẹni tó wà nítòsí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á kọ́ nǹkan. Ọmọ Kétu kò sì ní ṣìnà ní Èkó, ọ̀nà Ìlárá lẹ́nu ibodè kò jìnnà sí i, èdè kan náà la ń sọ.

Ibi tí mo ti takò yín ni pé ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ń dúró dè é. Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019 wọ́n dá nǹkan bí 400 àwọn tí iṣẹ́ kò tíì gún lọ́wọ́ wọn dúró káàkiri Áfíríkà, torí pé àwọn oníbàárà wọn ń fẹ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Irú ẹni tí àbúrò wa jẹ́ gan-an nìyẹn. Ìwé Faransé ló kà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ bá. Owó ilé ń dúró dè é, owó ọkọ̀ ń dúró dè é, náírà tó bá sì gbà níbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń ná ọjà ní Ìgòlò lẹ́nu ibodè bí ó ṣe ń rí láti 2023 tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí fáráńkì.

Bó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe é, Kútọnu sún mọ́ ọn. Àwọn BloLab, yàrá ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ kan níbẹ̀, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù jọ sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, kẹ́ẹ̀gì tí àwa níbí mọ̀ mọ́ kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, tí yóò sì ṣiṣẹ́. Bó bá ní ìwé tó tó, ilé ẹ̀kọ́ gíga IMSP wà ní Dangbo, wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ láti ìgbà tí n kò tíì mọ ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́. Kí ó tó máa wá Èkó kiri, kí ó yọjú síbẹ̀ ná.

Mo tún rántí ohun kan lórí Èkó. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè ní oṣù Kẹjọ 2019, títí di oṣù Kejìlá 2020, síkíríìnì tí à ń rà ní Ìkẹjà, ní Computer Village, kò rọrùn láti rí mọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó kàn ń tú èyí tó fọ́ kí wọ́n lẹ tuntun mọ́ ọn ló tì pa. Àwa kó gbogbo fóònù òkú tó wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù jáde. A tú wọn. Ṣípù kan lára òkú yìí, wáyà pẹlẹbẹ kan lára tọ̀hún. Ọmọ iṣẹ́ mi obìnrin kan ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ ṣípù láìjẹ́ kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mira. Inú oṣù 16 yẹn ló ti di ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà ní Àjàrá báyìí.

* * *

Ẹnì kan bínú sí mi, ó ní mò ń sọ̀rọ̀ fóònù nígbà tí ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, pé iṣẹ́ ọwọ́ lèyí, iṣẹ́ orí lèyẹn. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti sọ òótọ́ díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fojú rí kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní 8, ó di 10. Gbogbo nọ́ńbà gbọ́dọ̀ ní 01 níwájú. Ìkéde ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwa náà ní ní Àjàṣẹ́ níbí. Kí a tó ṣílẹ̀kùn, àwọn ìyá oníṣòwò ti tò sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ wọn bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìyá kan tó ń ta gààrí ní nọ́ńbà oníbàárà tó lé ní 400, kò mọ̀wé, àwòrán àti ohùn ló fi ń mọ̀ wọ́n. Ó ní bí òun bá pàdánù wọn, gbèsè tí wọ́n jẹ òun ti lọ nìyẹn.

Ọmọ ọdún 19 kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti jókòó fún alẹ́ mẹ́ta kọ ètò kékeré kan tó ń ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, tó ń fi 01 síwájú èyí tó bá ní òǹkà 8, tí kò sì fọwọ́ kan ti Nàìjíríà tàbí ti Tógò. Ó lè dà bíi nǹkan kékeré. Ohun tó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti Nàìjíríà yẹn, torí àwọn oníṣòwò wa ń kọ ọ́ lóríṣiríṣi: ẹlòmíràn fi 234 síwájú, ẹlòmíràn fi òdo, ẹlòmíràn kò fi nǹkankan. Ẹni tí kò gbé Àjàṣẹ́ kò lè mọ̀ pé ìṣòro wà níbẹ̀. Ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn fóònù olójú fífẹ̀. Àwọn fóònù kékeré tí nọ́ńbà wà lórí sím, ọwọ́ la fi ń ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gba 200 fáráńkì lórí fóònù kan. Ìyá oní-gààrí jókòó tì í lórí àpótí, gbogbo orúkọ tó bá jáde, á pè é sókè láti inú àwòrán: "Èyí ni ọmọ Ìtakété. Èyí ṣì jẹ mí lówó." Nígbà tó pe ẹni àkọ́kọ́ tí ó sì gbé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ọmọ náà mú, ó súre fún un títí omi fi dé ojú wa.

Iṣẹ́ orí ni, Ọ̀gbẹ́ni. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ní kó ṣe é.

* * *

Ẹ ti ń bi mí nípa ẹgbẹ́ wa, bí owó ṣe ń wọlé. Àjọ ni. Àwa 9 ló wà níbẹ̀. Kálukú ń dá 500 fáráńkì lọ́sẹ̀, ìyẹn 4,500 lọ́sẹ̀, 234,000 láàárín ọdún kan. Ẹnì kan ní owó náà kò tó nǹkan kan. Ó tó kọ̀ǹpútà àlòkù méjì láti Kútọnu, owó sì ṣẹ́ kù fún mẹ́gà íntánẹ́ẹ̀tì àti iná. Ọdún kìíní la ra méjì. Nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì inú òkun já nítòsí Àbíjáànì ní oṣù Kẹta 2024, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, a ṣì ṣe ìpàdé wa, torí a ti gba àwọn ẹ̀kọ́ sórí díìsìkì tẹ́lẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù mi la ń jókòó sí lẹ́yìn aago márùn-ún.

Ẹlòmíràn ní ṣé ká wá máa lé ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni? Rárá o. Ẹ gbà á. Kẹ́ ẹ sì gba ìwé pé ohun tó gbé wá ti di ti ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé yẹn ti fi ọjọ́ tó máa gbé e lọ hàn yín. Ẹni tó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ wò ó, Google ní ibì kan tó ń jẹ́ Map Maker, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń ya ọ̀nà àdúgbò wọn sórí máàpù lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹta 2017 wọ́n tì í. Nǹkan wọn ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. OpenStreetMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ṣì wà, torí pé ohun tí kálukú yà síbẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé. Mẹ́ta nínú wa ti gun ọ̀kadà káàkiri ẹ̀yìn Ouando, a kọ orúkọ àdúgbò sí i bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. Ó ṣì wà níbẹ̀ ní àná tí mo wò ó.

Ẹni tó ní ìjọba ló yẹ kó dá sí i, mo gbọ́. Ìjọba lè dá sí i, ó sì lè dá sí i lọ́nà tí kò ní tù wá lára. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018 wọ́n fẹ́ máa gba fáráńkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lọ WhatsApp àti Facebook. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì wọ́gi lé e nínú oṣù kan náà. Ohùn ẹgbẹ́ ló ṣe é. Ẹni mẹ́rin tí kò pàdé ara wọn mọ́ kò lè ní ohùn.

* * *

Àbúrò ti kọ̀wé padà sí wa. Ó ní ìyá òun ni kò fẹ́ kí òun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mọ́, torí pé ọlọ́pàá mú ọmọ aládùúgbò kan lórí jìbìtì íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì ti ń wo òun náà bákan.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò ní fi ọwọ́ kékeré mú un. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti 2018 le, ó sì yẹ kó le, jìbìtì ti ba orúkọ àwọn ọmọ wa jẹ́. Ìyá rẹ kò ṣẹ̀. Ọmọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń sanwó fún un, ìyá wo ni ọkàn rẹ̀ á balẹ̀? Gbé iṣẹ́ rẹ síta. Gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà ilé yín, kí àwọn ará àdúgbò máa rí ọ. Bá ìyá rẹ fi gbogbo ohun tó ń tà lórí àwìn sínú kọ̀ǹpútà, kí o máa kà á fún un ní alaalẹ́, ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Bí o bá gba iṣẹ́, kọ rìsíìtì, kọ orúkọ oníbàárà sí i. Bí ìyá rẹ bá ti rí gbèsè rẹ̀ gbà nípasẹ̀ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan, òun ló máa bá ọ bá aládùúgbò jà.

Ìbéèrè rẹ lórí télọ̀, mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ tààrà: bí aṣọ bá ń wù ọ́ láti rán, lọ, kí o sì fi gbogbo ara lọ. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ ló ń dà ọ́ láàmú, dúró.

* * *

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí àbúrò kọ kẹ́yìn. Ó ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù ti pàdé ní alẹ́ àná ní ẹ̀yìn ilé ọ̀kan nínú wọn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kẹfà tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, fáànù rẹ̀ yí, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

Bí fáànù bá ti yí, kò tíì kú. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí 30 sẹ́kọ́ọ̀ndì kí iná tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ tán. Ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀, ẹ to àwọn ìdè rẹ̀ sórí ìwé bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n kí ẹ má baà ṣi wọ́n dè. Ẹ ó rí RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi eyín wúrà wọ inú ihò. Ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi ìrésà pẹ́ńsùlù tó mọ́ nu eyín náà lójú méjèèjì, ẹ fẹ́ eruku inú ihò rẹ̀, ẹ tì í padà títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún. Bó bá jẹ́ méjì ni, ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dá wọ̀ ọ́. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì dúdú, ẹ ti ilẹ̀kùn kí òkùnkùn wà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá rí òjìji ìkọ̀wé fẹ́ẹ́rẹ́, iná ẹ̀yìn síkíríìnì ló lọ, mo ní irú rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí lálẹ́ òní. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́sàn-án.